“Kó Má Bínú” Tí Mo Jí Gbé

Ẹ ṣeun tí ẹ ní kí oníkálùkù dìde, kó sọ ohun tó gbé e wá sí kíláàsì àwọn onílàjà yìí. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú yín níbí, mo sì rí i pé ẹ ń fi ẹ̀rín wò mí, pé kí ni bàbá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tún fẹ́ kọ́. Irọ́ tí mo fẹ́ pa fún yín ti wà lẹ́nu mi láti ilé: mo fẹ́ ní ẹjọ́ kóòtù ló sú mi. Ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́. Ogún ọdún ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì, bí mi ò bá sì bì í jáde lónìí, á bá mi wọ ibojì ni. Màmá tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, tí ẹ ń bi ara yín pé ta ló mọ̀ wọ́n, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n wá. Àwọn fúnra wọn ò tíì mọ ìdí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Àrá là ń pè é ní kóòtù, torí bó bá ti dìde tó la ohùn, fèrèsé á mì. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi jọ lo ọ́fíìsì kan, tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ká bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè títí yóò fi gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀, èmi ni ọ̀gá níbẹ̀, òun náà sì mọ̀. Àfi bó ṣe pa fáìlì rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, tó ní òun ò ṣe lọ́yà kóòtù mọ́, òun fẹ́ lọ máa parí ìjà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Àrá ti di òjò winniwinni.” Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Òjò winniwinni ló ń rin ilẹ̀ wọnú.”

Kò pé ọdún kan tí ẹ̀rín mi fi korò. Èmi ń borí ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá borí fún á bọ̀ mí lọ́wọ́, á lọ, kò sì ní fẹ́ rí mi mọ́, torí ojú mi ń rán an létí ìjà. Bí èmi àti Àrá bá jọ rìn lójú pópó ńkọ́? A ò ní lè rìn. Onílé àti ayálégbé tí wọ́n ti fẹ́ pa ara wọn á jọ máa kí i. Ọkọ àtìyàwó á fi í han ọmọ wọn pé, “Wò ó, àwọn ni kò jẹ́ kí ilé wa tú.” Èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá máa wo bàtà mi. Ìyàwó mi tún wá da iyọ̀ sójú egbò. Ó ní, “Wo bí ara ọ̀rẹ́ rẹ ṣe ń dán. Ìwọ tí ò ń borí, ta ló ń kí ọ?” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lákínyẹmí ara. Mo jowú ọ̀rẹ́ mi débi pé bí wọ́n bá ní ara rẹ̀ ò yá, inú mi á kọ́kọ́ dùn ná, kí n tó rántí pé ó yẹ kí n káàánú rẹ̀. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kó yé yín.

Màmá yìí àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà jóná. Ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ló gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí iná, kò sì sẹ́ni tó mọ èwo. Wọ́n di ọ̀tá ara wọn. Màmá gbé ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí kóòtù, wọ́n fi èmi ṣe lọ́yà. Adájọ́ ní ká kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ onílàjà. Ọ̀dọ̀ Àrá ni wọ́n júwe fún wa.

Yàrá méjì ló ní. Á bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ nínú ọ̀kan, á bá àbúrò sọ̀rọ̀ nínú èkejì, á máa fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ò gbọdọ̀ jáde, àfi èyí tí wọ́n bá rán an. Bí ìjà bá parí, á ya ìwé náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójú wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó jáde láti yàrá ẹ̀gbọ́n, ojú rẹ̀ ń tàn. “Ó kù díẹ̀,” ó ní. “Wọ́n ń sunkún, jẹ́ n bu omi fún wọn. Bá mi mú èyí dání.” Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún, ta ni ì bá tún gbé e fún?

Mo ṣí i. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lójú ewé náà: “Ẹ bá mi sọ fún àbúrò mi pé kó má bínú.” Mo mọ̀ pé bí Àrá bá fi lè jẹ́ iṣẹ́ yẹn, ìjà ti parí, àwọn méjèèjì á sì máa kí i lójú pópó títí ayé wọn. Ọkàn mi ò gbà á. Mo pa ìwé náà dé, mo fi í sórí àga, mo wọlé tọ màmá lọ, mo ní, “Ẹ dìde ká máa lọ. Ẹ̀gbọ́n yín ò ṣe tán, kóòtù ni wọ́n fẹ́.” Àrá ń pè wá látẹ̀yìn. Màmá fẹ́ bojú wẹ̀yìn, mo di ọwọ́ wọn mú. Lẹ́tà méjì ló kọ pé ká padà wá. Mi ò fi ọ̀kankan hàn wọ́n.

Ìyẹn náà ò tó mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bọ́ sí iwájú adájọ́, mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò rán èèyàn sí àbúrò wọn pé kó má bínú. Mi ò jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Mo ní, “Ẹni tí kò ṣẹ̀, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún?” Ta ni nínú wa tí kì í sọ “má bínú” fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, tí kì í sì í ṣe òun ló gbé òkúta síbẹ̀? Àgbà tí ò jẹ̀bi á sọ ọ́ kí ilé lè tòrò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ọ́ di ìjẹ́wọ́; ìjẹ́wọ́ náà ni màmá gbọ́ níbi tí wọ́n jókòó sí, wọn ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà wo Àrá tó jókòó lẹ́yìn, tó ṣì ń retí pé àwọn méjèèjì á padà wá sọ́dọ̀ òun. Wọ́n rọra ní, “Ẹ̀yin náà tà mí.” Mo borí.

Ọdún kejì ni ẹ̀gbọ́n kú, láìbá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n yọ orúkọ Àrá kúrò láàárín àwọn onílàjà, pé ó ń tú àṣírí. Bó bá fẹ́ wẹ ara rẹ̀ mọ́, á ní láti sọ ohun tó wà nínú ìwé àti bó ṣe débẹ̀, kò sì jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ inú yàrá. Ó kàn wá bi mí pé, “Ṣé o ṣí i?” Mo ní, “Ṣé bí mo ṣe burú tó lójú rẹ nìyẹn?” Ó wò mí títí, ó ní, “Ó dáa.” Ẹni kankan ò kí i lójú pópó mọ́, inú mi sì dùn. Nígbà tó yá, mo tún wá ń jowú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá a nílé. Ó ń ká aṣọ tó gbẹ. Mi ò lè jókòó. Mo ní, “Má bínú.”

Ó ní, “Èwo nínú rẹ̀? Ṣé ti ẹni tó rí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ ni, àbí ti ẹni tó gbé òkúta síbẹ̀?”

Mo ní, “Èmi ni mo gbé òkúta.”

Ó ká ṣòkòtò ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. “Mo ti gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí wọ́n rán mi tí mi ò rí jẹ́. Ọwọ́ rẹ ló wà. Lọ jẹ́ ẹ.”

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán, èmi fi tẹrú jẹ́ ẹ níwájú adájọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ó jowú ara yín nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí bí kò ṣe ní ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ń ṣe yín, ẹ má gba ìwé ẹlòmíì dání.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Mi ò mọ ẹni tó gbàgbé áyọ́ọ̀nù, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fà yín lọ́wọ́ jáde, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n sì ń sunkún. Wọ́n ní ká bá àwọn sọ fún àbúrò àwọn pé kó má bínú.