Ilé Ló Fẹ̀ Sí I

Mo ń dúró de kàlẹ́ńdà ìjọ wa ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Ṣómólú nígbà tí ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ìlàjẹ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé jẹ́sì wọlé, pé kí wọ́n tẹ "Kóòṣì" sí i lẹ́yìn.

"Nígbà tó o ní ìwọ ni aṣọ́lé nínú họ́kì, mo rò pé wọ́n fi ẹ́ ṣe mẹ́gáàdì ni."

"Màámi, ẹ tiẹ̀ ra tọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ sí mi."

"Ṣé wọ́n ń ṣọ́lé nínú òkùnkùn ni? Kóòṣì wá ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń kọ́ gbogbo wọn báyìí. Wọ́n ń san owó oṣù fún mi."

"Ìwọ tó o kàn ń dúró sójú kan, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù lù ẹ́?"

"Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù làwọn yòókù ń wò. Ẹ̀yìn wọn lèmi ń wò. Mo mọ ẹni tó ti rẹ̀, mo mọ ẹni tẹ́rù ń bà."

Ìyá náà yíjú sí atẹ̀wé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ Kóòṣì mọ́. Aṣọ́lé ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ó ṣì ń ṣọ́lé, ilé ló kàn fẹ̀ sí i."