Wọ́n Fi Láítà Parí Ṣọ́ọ̀lù Mi

Má jókòó! Mo ní má tíì jókòó, Báyọ̀, dúró síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi kí gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá rí ọ, kí wọ́n rí ọkùnrin tó dúró bí òpó ní pálọ̀ màmá rẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin na ṣọ́ọ̀lù tí mo fi ọwọ́ ara mi hun sókè, tí gbogbo etí ṣọ́ọ̀lù ti jóná, tí òun náà sì la ẹnu, ẹnu kan náà tó fi sọ pé òun máa fẹ́ mi, tó ní, "Àǹtí Àyìnkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ó mọ́." Ó mọ́! Kí ló mọ́? Mo bi ọ́, kí ló mọ́ níbẹ̀?

Má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Ẹni tí wọn ò jó nǹkan ẹ̀ ló ń fara balẹ̀.

Wúùlù funfun, funfun báláú, fúnra mi ni mo lọ ṣà á ní Ìkòtún, mò ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò bóyá ó rọ̀, títí ẹni tó ń tà á fi bi mí pé ṣé mo fẹ́ rà á ni àbí mo fẹ́ sùn lé e. Mo ní ọmọ ló máa bò ó. Mo ní Olúwadárasími, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n máa ṣe ìsàmì fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi! Bẹ́ẹ̀ ni mo pè ọ́ lójú ọjà. Mo fi ọ́ yangàn, Ọlọ́run ń gbọ́.

O mọ iṣẹ́ yìí, Báyọ̀. Ṣé o fẹ́ sọ pé o ò mọ̀ ọ́n? Ìwọ tó máa ń na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tí ọlọ́pàá mú, tí màá máa ká òwú kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ? Mo ṣàlàyé fún ọ títí ẹnu fi ro mí. Mo ní tí a bá fi ìkọ́ hun nǹkan tán, a kì í gé òwú ní kúkurú, a máa ń fi ìrù gígùn sílẹ̀ ni, torí ìrù yẹn la máa fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá kó padà wọnú iṣẹ́, á gba ọ̀tún lọ, á gba òsì bọ̀, á tún yà gba ibòmíì, débi pé kò sí ẹni tó máa mọ ibi tí òwú bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Kò ní kókó, kò ní wú, ọmọ á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e á sùn lọ. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà! Ta ni ò lè hun àárín? Etí ni wọ́n fi ń mọ oníṣẹ́.

Èmi ni mo gbé e lọ sílé màmá rẹ ní Akówonjò lọ́jọ́bọ̀ kí n lè fi wọn ọmọ lára, àbí irọ́ ni? Màmá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀ káwọn ará ilé rí i. Mo ní kò burú, mà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé àwọn ìrù yìí o, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá fi abẹ́rẹ́ kó wọn wọlé. Gé ni mo sọ. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí n mẹ́nu ba iná?

Àǹtí rẹ, onídìrí ni wọ́n, ọwọ́ wọn sì mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, àwọn náà ló di eléyìí tó wà lórí mi. Ṣùgbọ́n ṣé orí èèyàn ni ṣọ́ọ̀lù ni? Bí àwọn fúnra wọn ṣe ròyìn ẹ̀, wọ́n rí ìrù òwú tó ń yọ, wọ́n pòṣé, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò tíì jó etí ẹ̀!" Wọ́n wá mú láítà tí wọ́n fi ń jó ẹnu àtáṣímẹ́ǹtì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, ṣìì, ṣìì, ṣìì, títí wọ́n fi yí i po. Gbogbo ìrù mi yọ́, ó di kókó dúdú ròbìtì-ròbìtì bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ó tún kù o! Wọ́n da omi gbígbóná látinú fúláàsì sínú abọ́, wọ́n ri etí ṣọ́ọ̀lù bọ̀ ọ́, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe irun kó lè wálẹ̀ nìyẹn. Ó sì wálẹ̀ lóòótọ́! Ibi tí iná kàn ká bí pọ̀nmọ́, ibi tí omi kàn rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ewébẹ̀ àná.

Kí ni mo wá ṣe? Mo kúnlẹ̀! Èmi Ṣeunfúnmi, mo fi orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun mà, Àǹtí mi, ẹ kú wàhálà." Kí ni kí àfẹ́sọ́nà sọ? Tí mo bá ní ẹ ti bà á jẹ́, wọ́n á ní kò tíì wọlé, ó ti ń bá wa jà. Ìwọ ló yẹ kó o sọ ọ́. Ìwọ àti wọn lẹ jọ mu ọmú kan náà. Mo gbójú sókè báyìí, mò ń wò ọ́, ojú mi ń bẹ̀ ọ́ pé, Báyọ̀, sọ̀rọ̀, o sì sọ̀rọ̀ lóòótọ́, o ní ó mọ́!

Kò tíì dùn mí tó bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó dùn mí ń bọ̀.

Ṣé o rántí aṣọ tábìlì tí mo hun fún Màmá nígbà Àjíǹde? Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n gbé e dé ojú fèrèsé, wọ́n ń wá ibi tí òwú parí sí, wọn ò rí i. Inú mi ń dùn! Mo ti ń múra ìkúnlẹ̀ ọpẹ́. Màmá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjà wo lo ti rà á?" Mo ní èmi ni mo hun ún, mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sóhun tó burú nínú kéèyàn ra nǹkan, irọ́ ni àwọn ò fẹ́. Irọ́, Báyọ̀! Ìwọ náà lo padà wá sọ fún mi pé wọ́n ní kó o fẹ̀sọ̀ wò mí, pé ọmọ tó lè pa irú irọ́ yẹn nítorí aṣọ tábìlì, èyí tó máa pa nínú ilé ọkọ á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má ṣẹ́ ẹ, ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́. Láti Àjíǹde títí di òní, òpùrọ́ ni mí ní Akówonjò. Ṣọ́ọ̀lù yìí ni mo ní ó máa wẹ̀ mí mọ́.

Láàárọ̀ yìí wá ńkọ́? Màmá ń fọwọ́ tẹ kókó dúdú yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí ni mo gbà pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe é." Wọ́n ní ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀! Wọ́n ní káwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn rí i lọ́la, wọ́n á fẹ́ irú ẹ̀, kí n máa jó o bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé o gbọ́? Tó bá mọ́, mo rà á. Tó bá jóná, èmi ni mo ṣe é. Ó dáa, ẹ sọ fún télọ̀ kó máa fi áyọ́ọ̀nù jó ìdí ṣòkòtò kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé òun ló rán an. Ẹ ní kí káfíńtà má gbá ìṣó wọlé mọ́, kó jẹ́ kó máa gún yín nídìí, ẹ óò máa pariwo pé iṣẹ́ ọwọ́ nìyí o, iṣẹ́ ọwọ́ nìyí!

Ọmọ yẹn ni mò ń káàánú jù. Lọ́la, alùfáà á gbé e, kókó iná á máa ha á lọ́rùn, á fi igbe bọnu, gbogbo ìjọ á ní omi ló tutù. Kò sí ẹni tó máa wo etí ṣọ́ọ̀lù, jàre.

Kí ló wà nínú ọ̀rá tó o gbá mọ́ ẹ̀yìn yẹn? Látìgbà tó o ti dé lo ti ń gbé e pamọ́. Tí oúnjẹ bá ni, gbé e padà, mi ò jẹun ọ̀dọ̀ yín. Mú un wá. Mo ní mú un wá!

Háà. Báyọ̀. Ṣọ́ọ̀lù nìyí. O gbé e kúrò nílé? Ṣé Màmá mọ̀? Wọn ò mọ̀! Yéè, wọ́n á ní èmi ni mo rán ọ. Dúró ná. Kókó dúdú dà? Báyọ̀, mo ní àwọn kókó dà? O gé e. Kí lo fi gé e? Kí lo pè é? Néèlì kọ́tà! Nínú kẹ̀kẹ́, láti Akówonjò, o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ò ń gé èékánná fún ṣọ́ọ̀lù!

Ṣé o mọ̀ pé kókó burúkú yẹn nìkan ló di etí yìí mú? Wò ó, mo kàn fìka kàn án ni, wò ó bó ṣe ń tú, ó ń sáré lọ! Hẹ̀! Hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀! Ọlọ́run mi ò! Ẹ̀gbọ́n fi iná sí i, àbúrò gé èékánná ẹ̀! Irú ìdílé wo ni mo fẹ́ wọ̀ yìí?

Má bá mi rẹ́rìn-ín, inú ṣì ń bí mi.

Wọlé. Jókòó. Àárín ẹ̀ ò bàjẹ́, etí nìkan ni, màá tú u dé ibi tó dáa, màá fi wúùlù tó kù hun òmíràn sí i kílẹ̀ tó ṣú. Na ọwọ́ rẹ méjèèjì. Rárá, má tíì nà án, yọ fóònù rẹ ná, pe Màmá. Fídíò ni o! Sọ fún wọn pé ó jóná. Ìwọ ni kó o sọ ọ́, kì í ṣe èmi, kó o sì sọ pé o purọ́ láàárọ̀ nígbà tó o ní ó mọ́. Tó o bá sọ ọ́ tán, gbé fóònù ti agolo yẹn, kó kọjú sí ọwọ́ mi. Wọ́n ti gbé e? Ó yá, sọ ọ́.

Ẹ̀n-ẹ́n. O ti sọ ọ́.

Ẹ káàsán mà, Màmá. Ṣeunfúnmi ni. Ẹ má wo ojú mi, mà, ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má kúrò níbẹ̀ títí màá fi hun etí yìí tán, tí màá sì kó ìrù òwú ẹ̀ pamọ́ lójú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Àǹtí Àyìnkẹ́ káwọn náà wá wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé láítà sílẹ̀.