Omi Òdòdó Ọsàn Tí Mo Fi Ṣan Ìgò Hajer

Èmi Dalenda, tí mo ń fọ ìgò ní ilé ìwádìí kòkòrò kan ní ìlú Nabeul, ni mo ba iṣẹ́ Hajer, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí ibẹ̀, jẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n lé e lórí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ti dá mi dùbúlẹ̀. N kò ní gbé àṣírí yìí wọ sàréè.

N kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, lára ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ràn àlejò á fi omi òdòdó ọsàn ṣan ife rẹ̀. Mo fẹ́ràn Hajer, torí ó máa ń bá mi gbé garawa. Ni mo bá ń fi omi náà ṣan ìgò tirẹ̀ nìkan, kó lè máa ta sánsán.

Purotéènì, èròjà ara tíntìntín tí eṣú fi ń gbọ́ òórùn, ni Hajer ń wá ìrísí rẹ̀. Ó ní, "Màmá, mẹ́rin rẹ̀ ló fara mọ́ra, ilẹ̀kùn kékeré kan wà láàárín wọn. Bí òórùn bá ti bọ́ sínú àpò rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Àwòrán ìgbà tó bá wà ní títì ni mo fẹ́."

Mo ní, "Ẹ ò kúkú bi eṣú fúnra rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán tó yà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀gá wọn figbe ta: "Hajer, òórùn kan wà nínú omi rẹ! Onídọ̀tí!"

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run búra! Màmá, ẹ̀yin lẹ ń fọ ìgò mi, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ìgò náà wà lọ́wọ́ mi, òórùn òdòdó ń ti inú rẹ̀ wọ imú mi. Mo ti mọ̀. Ojo ni mí. Mo ní, "Omi lásán ni mo fi ń fọ̀ ọ́."

Wọ́n lé e. Ẹni tó gba àyè rẹ̀ lo ìgò tí mo fi omi lásán fọ̀ lóòótọ́, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Hajer yìí kan náà ló gbọ́ pé mo ń ṣàìsàn tó wá tọ́jú mi, òun ló ń fún mi lọ́bẹ̀ mu báyìí. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, ó ní, "Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ó gbà mí nígbà yẹn." Lẹ́yìn náà ló nu ojú mi, ó ní kí n la ẹnu. Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o. Hajer, ọmọ mi, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè máa sọ òtítọ́.

Àwòrán ilẹ̀kùn títì náà wà lára ògiri ilé ìwádìí, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Hajer ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ábídí. Kò tún fọwọ́ kan eṣú mọ́.