Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Wo Àjà

Ẹ̀gbọ́n mi àti èmi jọ ń gbé agbo ilé kan náà ní Adó yìí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, ṣùgbọ́n mi ò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ọmọ ìyá mi ni o, ọmú kan náà la mu! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n dárí jì í, kí n jẹ́ kó tán. Ẹ̀yin ẹlẹ́bẹ̀, ẹ jókòó ná, ẹ gbọ́ ohun tó fi ojú mi rí.

Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé mi dé Fẹnandópò, erékùṣù tí àwọn òyìnbó Sípéènì ti ń gbin kòkó. Mo fi Wúràọlá, ìyàwó mi, síkàáwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. A ò tíì bímọ. Nígbà tó di ọdún kejì, mo ní kí ó wá bẹ̀ mí wò fún oṣù mẹ́ta péré, bóyá Ọlọ́run a ṣíjú àánú wò wá. Ṣé ìyẹn le? Hẹ̀n! Ẹ ò tíì mọ ìwé òyìnbó. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Mo padà lọ, wọ́n ní ọ̀gá mi gbọ́dọ̀ kọ̀wé. Ọ̀gá kọ ọ́, wọ́n ní ìwé ìgbéyàwó dà? Iṣu tí a rù lọ sílé bàbá rẹ̀, oyin, orógbó, ẹja gbígbẹ, èwo ni ìwé níbẹ̀? Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní kí ìyàwó náà lọ síwájú Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso Adó, kí ẹbí mi kan jẹ́rìí pé aya mi ni, kí Ajẹ́lẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé. Inú mi dùn. Ta ni ǹ bá tún wá lọ? Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣáájú nígbà tí a lọ tọrọ rẹ̀! Mo kọ̀wé sí i.

Ó fèsì pé òyìnbó kọ̀. Mo tún kọ̀wé, ó ní òyìnbó tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní Wúràọlá ti kó ẹrù rẹ̀, ó ti lọ fẹ́ ọkọ sí Ìgèdè. Mo bú obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà, mo sọ ohun tí ẹnu mi ò lè tún sọ lójú yín.

Nígbà tí mo padà wálé, mo pàdé rẹ̀ ní Ọjà Ọba, ó pọn ọmọ. Mo fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló dá mi dúró.

"Ṣé ìwọ náà wá ń bínú? Ìwọ tí o ní kí n má wulẹ̀ wá mọ́?"

Èmi kẹ̀? Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló ka lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fún òun. Lẹ́yìn náà ló wá ròyìn ọjọ́ tí wọ́n dé iwájú Ajẹ́lẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé wo ló ń pe ọkọ lórúkọ, lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ? Ó ní, "Olówó orí mi ni." Ògbifọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó wá kúnlẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, pé kó bá òun dárúkọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó ń wo àjà. Òyìnbó bi ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ pé ṣé ìyàwó àbúrò rẹ̀ nìyí. Ó ní, "Ilé wa ló ń gbé." Ó tán! Òyìnbó ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo sáré wálé lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní, "Bó bá tọ̀ ọ́ lọ, ta ni ì bá tún rí ọ ní Adó? Ta ni ì bá bá mi ro oko bàbá wa?" Áà! Ó fi ìyàwó mi so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ iyán irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra ìrìn àjò, ẹ jẹ́ kí aya yín mọ orúkọ yín pè kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹlòmíràn má baà di ẹnu rẹ̀. Wúràọlá ti mọ tèmi pè báyìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, kò pè mí lórúkọ rí. Ní Ọjà Ọba lọ́jọ́ náà, ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n dáadáa, ó pe orúkọ mi ketekete, ó ní ó dàbọ̀.