Ìdérí Tí Kò Bá Àpótí Rẹ̀ Mu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àtẹ́wọ́ yẹn dúró ná. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ tí iṣẹ́ yín wà lórí tábìlì yí gbọ̀ngàn yìí ká, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Wọ́n pè mí síbí láti ṣe adájọ́ àgbà, wọ́n sì fẹ́ ṣí aṣọ lójú pátákó tí wọ́n kọ orúkọ mi sí lẹ́nu ọ̀nà láàbù tuntun. Mo ti sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yìí pé kí wọ́n má ṣí i. Wọ́n ní, "Mọ̀mí, ṣé ara yín yá?" Ara mi yá. Ó pẹ́ tí ara mi ti yá tó báyìí. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́, òní ni mo máa sọ ọ́, mi ò sì ní jókòó títí màá fi sọ ọ́ tán. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pa makirofóònù yìí, kó pa á. Àwọn ọmọ aláriwo ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́, ohùn mi á dé ẹ̀yìn láìsí iná.

Ẹ wo àpótí tó wà níwájú mi yìí. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní ọ́fíìsì ọ̀gá ló ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti gba ipò kìíní nínú ìdíje sáyẹ́ǹsì yìí, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Àpótí ìsàba ni. Gílóòbù ló ń mú inú rẹ̀ móoru bí abẹ́ adìyẹ. Èèyàn á to ẹyin sí i, á máa yí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á gbé àwo omi sí i kí inú rẹ̀ má bàa gbẹ, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, òròmọdìyẹ á jáde. Orúkọ mi ló wà lórí ìdérí rẹ̀. Gbogbo àlejò tó bá fọwọ́ kàn án ló máa ń sọ pé ìdérí náà ń mì. Àwọn olùkọ́ á ní ogbó ló dé sí i. Kì í ṣe ogbó. Kò jókòó rí láti ọjọ́ kìíní, nítorí kì í ṣe ìdérí àpótí yìí.

Àwa méjì ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa yàn lọ́dún yẹn. Ẹ̀rí Dà là ń pe olùkọ́ náà lẹ́yìn wọn, torí kò sí ohun tí o lè sọ fún wọn tí wọn ò ní béèrè pé, "Ẹ̀rí dà?" Bí o ní inú ń run ọ́, wọ́n á béèrè ẹ̀rí. Ẹnì kejì mi ni ọ̀rẹ́ mi tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Jẹ́jẹ́, ọmọ tí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ẹyin ń sùn. Káfíńtà ni bàbá mi, àwọn ló bá wa kan àpótí méjèèjì láti ara pákó kan náà, wọ́n kọ orúkọ mi sórí ìdérí kan, wọ́n kọ ti Jẹ́jẹ́ sórí èkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ pẹ́ńsù létí, wọ́n fa ìlà kan sí abẹ́ etí ìdérí mi, wọ́n fa ìlà kan sára àpótí mi níbi tí etí ìdérí máa bò. Ti Jẹ́jẹ́, ìlà méjì lókè, ìlà méjì nísàlẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni ti ìlà, nígbà tí orúkọ ti wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ni mo fi gé e, ọmọ mi, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdérí tìrẹ ò lè jókòó sórí tiẹ̀. Ìlà yìí ni kì í jẹ́ kí n ṣì wọ́n gbé."

Ẹ̀bùn ẹni tó bá borí ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé yunifásítì. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ló jẹ́ kí ìwà mi burú tó bó ṣe burú. Bí mi ò bá gbà á, bàbá mi á làágùn, ṣùgbọ́n wọ́n á rán mi lọ. Bí Jẹ́jẹ́ ò bá gbà á, ìwé rẹ̀ parí nìyẹn. Opó ni ìyá rẹ̀, ó ń ránṣọ níwájú ilé, ó sì ti sọ fún un pé ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ń dúró dè é.

Jẹ́jẹ́ ṣiṣẹ́. Kì í fi ọjọ́ Sunday pa ẹyin rẹ̀ tì. Àwo omi rẹ̀ kì í gbẹ. Èmi ńkọ́? Èmi ni mò ń ṣí ìdérí fún gbogbo ẹni tó bá ní òun fẹ́ wo inú rẹ̀, tí mò ń fi ooru ṣeré, tí mò ń ṣe fọ́ńté. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí mo máa sọ lórí pèpéle sórí, mò ń kà á níwájú dígí, nígbà tí àwọn ẹyin mi ń tutù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbí ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Ẹ̀rí Dà fún mi ní kọ́kọ́rọ́ láàbù pé kí n bá wọn tètè gbé àwọn àpótí wá sí gbọ̀ngàn, nítorí ilé wa ló sún mọ́. Mo wọlé, mo gbé etí lé àpótí Jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ wọn. Wọ́n ń ké nínú ẹyin, wọ́n ń fi ẹnu kan èèpo kọ̀ kọ̀ kọ̀. Mo gbé etí lé tèmi, kẹ́kẹ́ pa. Mo mú ẹyin kan, mo mì í, mo gbọ́ omi nínú rẹ̀. Mi ò ronú púpọ̀, mi ò sì ní parọ́ pé èṣù ló tì mí. Mo ṣí ìdérí méjèèjì, mo pàrọ̀ wọn. Kò pẹ́ ju kí èèyàn sín lọ. Ìdérí mi ò fẹ́ wọlé sórí àpótí Jẹ́jẹ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń mì, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe gbé e dé orí tábìlì tí wọ́n kọ orúkọ mi sí nìyẹn.

Jẹ́jẹ́ fẹsẹ̀ rìn wá láti ilé wọn. Nígbà tó fi dé, òròmọdìyẹ ti ń jáde níwájú mi, àwọn èèyàn ti kóra jọ, wọ́n ń pariwo orúkọ mi. Ó wo tábìlì tiẹ̀, ó wo tèmi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ kó gbé ohùn sókè. Ó ní, "Àpótí mi nìyí! Ẹnì kan ti pàrọ̀ ìdérí!" Adájọ́ àgbà, ọkùnrin onísùúrù kan, bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun mọ ẹyin òun. Ẹ̀rí Dà súnmọ́ ọn, wọ́n ní, "Ẹ̀rí dà?" Kò ní. Èmi dúró síbẹ̀, mo ní, "Ó máa ń jowú mi tẹ́lẹ̀." Ọlọ́run gbọ́ ọ, ọmọ yẹn ò jowú mi rí. Ìgbà náà ni Jẹ́jẹ́ rí bàbá mi láàárín èrò, ojú rẹ̀ sì là. Ó ní, "Bàbá ló kàn án! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó."

Bàbá mi jáde wá pẹ̀lú pẹ́ńsù létí. Wọ́n gbé ìdérí orí tábìlì mi, wọ́n yí i padà, wọ́n wo abẹ́ etí rẹ̀. Wọ́n wo ara àpótí. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ mọ irú ojú tí ọmọ fi ń bẹ òbí láìlanu. Mo wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí kì í fi ìṣó tó ti wọ́ kan pákó fún ẹnikẹ́ni rọra dá ìdérí padà, wọ́n ní, "Ó bára mu." Ohùn wọn ò dé ibi kankan, adájọ́ ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ.

Ẹ dúró, mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Ẹ̀rí Dà bínú gan-an pé akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ba ilé ẹ̀kọ́ lórúkọ jẹ́ lójú àlejò. Wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ síwájú tábìlì mi, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èmi àti bàbá mi. Ó kúnlẹ̀. Níbí yìí gan-an. Ó gbójú sókè wo àpótí náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ dárí jì mí, mo purọ́ mọ́ yín." Gbogbo gbọ̀ngàn ń dúró dè mí. Mo fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo ní, "Mo ti dárí jì ẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní mo ní ìwà ọmọlúàbí. Èmi olè, èmi ni mo dárí ji ẹni tí mo jà lólè, mo sì gba àtẹ́wọ́ fún un.

Mo lọ sí yunifásítì. Jẹ́jẹ́ lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá mi ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rí, ṣùgbọ́n wọn ò kan ohunkóhun tó ní ìdérí mọ́. Bí àwọn oníbàárà bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á júwe káfíńtà mìíràn. Àpótí kejì wà ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń kó ìṣó sí i. Nígbà tí wọ́n dàgbà tán, tí àìsàn dè wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹnu mọ́: "Ìdérí yẹn, ṣé wọ́n ti dá a padà sórí àpótí rẹ̀?" Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé pósí ni wọ́n ń rò, wọ́n ń tù wọ́n nínú. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Títí wọ́n fi kú, mi ò lè dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo wá Jẹ́jẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yàrá tóóró kan tó kún fún aṣọ. Mo jẹ́wọ́. Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó rán ìlà tó ń rán tán. Ó ní, "Mo mọ̀. Ìgbà tí mo kúnlẹ̀ ni mo rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró ò lè rí abẹ́ etí ìdérí. Èmi rí i. Ìlà kan lókè, ìlà méjì nísàlẹ̀." Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?" Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. Ó ní, "Mo ti béèrè ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí mi sì ti sọ̀rọ̀. Ta ló máa gbọ́ ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó dá mi dúró. "Má bẹ̀ mí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí mo ti kúnlẹ̀ ni kó o lọ sọ ọ́, níṣojú àwọn èèyàn. Ìgbà yẹn ni màá mọ ohun tí màá sọ."

Ìdí tí mo fi wà níbí nìyẹn. Ọ̀gá, ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò nínú orúkọ àwọn tó borí, kí ẹ fi tiẹ̀ sí i. Kí ẹlòmíràn ṣe adájọ́ lónìí. Ẹ̀yin ọmọ, bí iṣẹ́ yín ò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e bẹ́ẹ̀ síwájú adájọ́, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti ṣì í. Ẹyin mi tó kú yẹn, mo lè fi kọ́ gbogbo gbọ̀ngàn yìí ní ohun tí ooru ń ṣe, bí mo bá ní ìgboyà. Ẹ má sì jẹ́ kí òbí tó fẹ́ràn yín purọ́ nítorí yín, torí ẹ ò lè gbà á padà lẹ́nu wọn.

Mo ti gbé àpótí kejì wá láti ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Mo ti da ìṣó inú rẹ̀ nù, mo sì ti ṣí ìdérí tí orúkọ Jẹ́jẹ́ wà lórí rẹ̀ kúrò. Mo ń kúnlẹ̀ báyìí síwájú àpótí tí mo kọ́kọ́ fi hàn yín, ẹ má ṣe gbé mi dìde, eékún mi ló ń dùn mí, kì í ṣe ẹ̀yin. Mo rí i. Ìlà kan lókè, ìlà méjì nísàlẹ̀, pẹ́ńsù bàbá mi kò tíì parẹ́. Jẹ́jẹ́, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má sọ pé ẹ ti dárí jì mí, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tiyín. Jẹ́jẹ́, ìdérí rẹ rèé lọ́wọ́ mi. Máa bọ̀, wá dé àpótí rẹ.