Ohun Tí Adépọ̀jù Sọ fún Dókítà Inú Ọkọ̀ Òkun

"Lónìí ni n óò sọ ọ́. Mo ti gbé e mì títí, ó ti kọ̀ kò dà nínú mi. Ẹ jẹ́ kí ó jáde kí n tó lọ."

Báyìí ni Adépọ̀jù ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ẹní àìsàn rẹ̀ ní Ìkìrun, lọ́sàn-án gangan, ní ọdún 1965. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ti kún inú pálọ̀ fọ́fọ́ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, àtàgbà àtọmọdé. Ọlọ́rundáre jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà. Kò rí aṣọ funfun kankan, kò sì rí ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀, nítorí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àrínọlá ìyá Ẹ̀bùn, ìyàwó rẹ̀, ni ó fà á lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ láti Inísà. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ rí i kí ó tó kú, Ọlọ́rundáre sì ti mú àgbébọ̀ adìyẹ kan dání wá fún un. Adìyẹ náà wà lábẹ́ àpótí tí ó jókòó lé, wọ́n so ó lẹ́sẹ̀.

Àìsàn ti dí Adépọ̀jù létí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ní láti gbẹ́nu lé etí rẹ̀ gan-an, Mojíbọ́lá àbúrò rẹ̀ ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ṣì já gaara.

Ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀rẹ́ àná. Ọmọ Ìkìrun ni Adépọ̀jù, ó ka ìwé mẹ́fà nílé-ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà, Gẹ̀ẹ́sì sì já geere lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Òkukù ni Ọlọ́rundáre, ìdí àgbàdo ni ó ti wá, kò ka ìwé kankan. Wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, wọ́n jọ rí iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, nígbà tí ó sì di nǹkan bí ọdún 1953, wọ́n jọ bá ara wọn nínú ọkọ̀ fàájì kan. Ẹ gbọ́ dáadáa, ọkọ̀ fàájì. Kò kó kòkó, kò kó ẹ̀pà. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni ó ń kó, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń ti erékùṣù kan dé òmíràn láti wo igi ọ̀pẹ, tí wọ́n sì ń padà sílé láìra nǹkan, láìta nǹkan. Adépọ̀jù wọ kóòtù funfun lókè, ó ń gbé oúnjẹ fún wọn. Ọlọ́rundáre wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ń ṣọ́ iná tí ń ti ọkọ̀ náà lọ.

Ọkọ̀ náà ní àṣà kan. Bí àwọn èrò bá ti wo omi títí tí omi sú wọn, kápítéènì á ní kí wọ́n mú àwọn tí ó bá wù lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ibi tí èrò kì í dé: ilé ìdáná tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì ní àfẹ̀mọ́júmọ́, yàrá ìfọṣọ tí èéfín omi gbígbóná ti ń rú, yàrá yìnyín tí wọ́n so odidi màlúù rọ̀ sí. Ìdí iná ni wọ́n máa ń fi kádìí rẹ̀. Adépọ̀jù ni wọ́n fi ṣe afinimọ̀nà.

Ọjọ́ kìíní tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá, Ọlọ́rundáre gbójú sókè, ó rí àwọn àgbà tí irun wọn funfun báláú, tí wọ́n ń di àtẹ̀gùn irin mú bí wọ́n ti ń bọ̀. Ta ni yóò kọ́ ọmọ Òkukù pé kí ó dúró ṣánṣán níwájú irú wọn? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí irin gbígbóná, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ewu òkun." Adépọ̀jù sọ̀rọ̀ díẹ̀, àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Adépọ̀jù ní wọ́n ń dúpẹ́ ni, pé wọ́n ní àwọn kò rí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé tó báyìí rí, àti pé ẹni tí ń gbé àwọn rìn lórí omi ni àwọn wá kí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrìn-àjò kan tí wọn kì í wá.

Ìtàn yìí ni Ọlọ́rundáre gbé bọ̀ wá sílé. Ìlú ìyá rẹ̀, Inísà, ni ó kọ́lé sí, kò sì sí ìkórè kan ní ìjọ Onítẹ̀bọmi níbẹ̀ tí wọn kì í ní kí Bàbá Ọlọ́kọ̀ Òkun dìde kí ó sọ bí àwọn òyìnbó ṣe ń fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀ wá kí i. Ojú ti lọ, iṣẹ́ ti lọ, ilẹ̀ tí kò lè ro mọ́ ti di ìgbẹ́. Ìtàn yẹn nìkan ni kò lọ, òun ni ó fi ń jẹ́ ènìyàn láwùjọ.

"Ọlọ́rundáre," Adépọ̀jù ní, "wọn kò kí ọ rí."

Ọlọ́rundáre rò pé ìrora ni ó ń sọ ọ́. Adépọ̀jù ní òun kò ṣèrànrán. Ó ní ọjọ́ kìíní tí ó dọ̀bálẹ̀ náà, ọ̀kan nínú àwọn èrò béèrè pé kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe nílẹ̀. "Ó yẹ kí n sọ pé ó ń kí yín ni. Kò ṣòro láti sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà pé bí ìwòran yìí kò bá dùn mọ́ àwọn èrò, n óò padà sídìí abọ́ fífọ̀. Mo wò ọ́ nílẹ̀, èmi òṣìkà yìí, mo ní iná ni ọlọ́run rẹ, pé àwọn ará ilé rẹ ń bọ iná, pé o kò ní dìde àfi bí mo bá pàṣẹ. Mo ní, 'Dìde.' O dìde. Ìgbà yẹn ni wọ́n pàtẹ́wọ́."

Ariwo kékeré kan ta nínú pálọ̀. Wòlíì ìjọ náà ní kí wọ́n dákẹ́. Ọlọ́rundáre rántí bí irin yẹn ṣe máa ń jó àyà rẹ̀, tí ó sì máa ń rò ó pé ìyẹn kò tó nǹkan, àgbà ṣáà ni wọ́n.

Adépọ̀jù ń bá a lọ. Ó ní òkìkí kàn, àwọn èrò ń béèrè ìdí iná kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté rárá. Òun ni ó ní kí Ọlọ́rundáre máa bọ́ ẹ̀wù, tí ó purọ́ pé àwọn òyìnbó fẹ́ rí apá tí ń ṣiṣẹ́. Òun náà ni ó gba gíláàsì aláwọ̀ búlúù lójú rẹ̀. Gíláàsì yẹn ni wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó yọjú wo iná láti inú ihò kékeré ara ilẹ̀kùn irin, kí ìtànṣán má baà ba ojú jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ̀ ọ́, ó dà bí òṣìṣẹ́, kò dà bí abọná. "Mo ní àwọn àgbà fẹ́ rí ojú rẹ. O bọ́ ọ, o wo iná lójú kòrókòró nítorí tiwọn. O tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Adépọ̀jù," Ọlọ́rundáre sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń pe ènìyàn nínú yàrá kejì. Ẹni tí ó ń pè kò gbọ́.

"N kò tíì sọ èyí tí ó burú jù," Adépọ̀jù ní. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Mojíbọ́lá fún un, ó mu díẹ̀, ìyókù dà sí i láyà. Ó béèrè bóyá Ọlọ́rundáre rántí dókítà.

Báwo ni kò ṣe ní rántí? Nígbà náà, òṣùmàrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo iná ká lójú rẹ̀, àtùpà ni o, gílóòbù ni o, orí a sì máa fọ́ ọ láti ẹ̀yìn ojú. Nígbà tí ó gbọ́ pé dókítà ojú kan wà láàárín àwọn èrò tí ń bọ̀ nísàlẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ Adépọ̀jù pé kí ó bá òun sọ fún un. Ó rántí pé dókítà náà ga, ó ń ta sánsán ọṣẹ, ó sì di àgbọ̀n òun mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Nínú gbogbo ìlú òyìnbó, ọwọ́ yẹn ni ó rántí jù.

"Mo ní, 'Dókítà, ó ní òun ń rí adé òrìṣà òun lára gbogbo iná.' Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ṣé ó ń rí i ní tòótọ́? Láti ìgbà wo? Ṣé orí ń fọ́ ọ?' Orí ń fọ́ ọ, mo mọ̀, ibùsùn kan náà la jọ ń sùn sí lókè-nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ bí o ṣe ń kérora. Mo ní, 'Rárá, ọ̀gá, ìtàn àwọn ará abúlé wọn ni.' Ó tún béèrè. Mo tún sẹ́. Bí mo bá jẹ́ kí ó bá ọ sọ̀rọ̀ bí ènìyàn sí ènìyàn, gbogbo irọ́ tí mo ti pa yóò tú níwájú àwọn tí mo pa á fún. Mo fẹ́ràn kóòtù funfun yẹn jù ọ́ lọ. Mo wá yíjú sí ọ, mo ní dókítà ní ooru ni, kí o máa fi omi tútù bọ́jú, pé yóò kọjá lọ."

Ibi tí Àrínọlá jókòó sí, ó mí kanlẹ̀.

Omi tútù. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti òkun dé, òun ni ó ń gbé igbá omi sí ìta kí ìrì lè mú un tutù, tí ó sì ń gbé e wá fún un kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí ó ti ń bọ́jú ni ojú ń dín kù. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù, ọkọ rẹ̀ ní dókítà òyìnbó ti tọ́jú òun, pé ta ni yóò tún mọ̀ ju ìyẹn lọ. Ó tilẹ̀ ń kọ́ àwọn ará Inísà tí ojú ń dùn ní oògùn náà. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù kan n'Ìbàdàn níkẹyìn, wọ́n ní àìsàn tí wọn ì bá dá dúró ni, pé ó ti pẹ́ jù.

Ọlọ́rundáre fẹ́ bínú, ìbínú kò yá. Ohun tí ó wá sí i lọ́kàn ni àgbọ̀n rẹ̀ tí dókítà dì mú. Ọkùnrin náà ń béèrè àlàáfíà rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá, ẹnì kan ṣoṣo wá kí i lóòótọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dúró sáàárín, ó lé e padà. Ó dùn ún ju ojú tí ó fọ́ lọ.

Adépọ̀jù ti ń sunkún. Ó pe àwọn ọ̀dọ́ ìjọ pé kí wọ́n súnmọ́ òun. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé-ẹ̀kọ́, bí ẹ bá ń bá ẹni tí kò gbọ́ èdè túmọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀. Ó ti fi ara rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ẹ wo ohun tí mo ṣe." Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ síhà ibi tí Ọlọ́rundáre wà, ó ní kí ó dárí ji òun, kí ó sọ ọ́ létí gbogbo ayé.

Wòlíì ṣe àlàyé fún Ọlọ́rundáre. Ó ní nínú ìran ni wọ́n ti rí i pé àìsàn yìí kò ní tú arákùnrin sílẹ̀ àfi bí ó bá jẹ́wọ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀. Ó ní bí bàbá bá ti lè sọ gbólóhùn kan péré, àwọn yóò gbé orin sókè, wọn yóò sì gbàdúrà ìwòsàn.

Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Ọlọ́rundáre. Ó rò pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè é nítorí ìfẹ́. Ara aláìsàn ni wọ́n fẹ́ fi òun tún ṣe. Wọ́n tún mú un wọ yàrá tí èrò kún, wọ́n ń dúró kí ó ṣe ohun tí wọ́n ti mọ̀ pé yóò ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn yóò sọ lójú ìjọ Ọlọ́run?

"Mo dárí jì í," ó ní.

Wọ́n ní Adépọ̀jù kò gbọ́, kí bàbá tẹ̀ síwájú kí ó gbẹ́nu lé etí rẹ̀. Ọlọ́rundáre mi orí. Ó ní òun kò lè fi ẹnu òun kan etí yẹn. Ó yíjú síbi tí ó ti ń gbọ́ èémí ìyàwó rẹ̀. "Àrínọlá, bá mi sọ fún un. Sọ pé mo dárí jì í, kí ó máa lọ ní àlàáfíà."

Àrínọlá dìde. Mojíbọ́lá yẹra fún un. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ̀ ba títí ẹnu rẹ̀ fi kan etí aláìsàn náà, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ bí ìyàwó ṣe ń bá ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ẹ̀bùn ní kí n kí yín," ó ní. "Wọ́n ní ooru ni. Kí ẹ máa fi omi tútù bọ́jú, yóò kọjá lọ."

Iná gba ojú Ọlọ́rundáre, kò gba etí rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Ó gbọ́ bí Adépọ̀jù ṣe fa èémí sínú tí kò sì tètè tú u jáde. Ó gbọ́ ohùn Wòlíì tí ń bẹ òun pé, "Bàbá, ẹ tún un sọ fún un, kì í ṣe ohun tí ẹ wí nìyẹn."

Òótọ́ ni, kì í ṣe ohun tí ó wí. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ sì bá a túmọ̀ rẹ̀ láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀.

Ó na ọwọ́, Àrínọlá sì dì í mú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin náà béèrè bóyá kí òun padà lọ tún un sọ. Ó ní rárá. Ó ní kí ó kàn padà lọ mú adìyẹ àwọn wá lábẹ́ àpótí, kí wọ́n lè tètè bá ọkọ̀ Inísà.