Àwọn Fáìlì Tí Wọn Ò Pa Dé

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti òpópónà Ekenwan lọ sí Oregbeni ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn yóò fi máa ṣọ́ àwọn aláìsàn.

“Ẹ̀rọ tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò sọ pé kóòdù tí o kọ máa ń ṣí fáìlì, kì í sì í pa wọ́n dé. Kí lo wá ṣe sí i?” Obìnrin náà ló bi í bẹ́ẹ̀.

“Àǹtí, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa kú, kó tún tan ara rẹ̀, lẹ́yìn ìdánwò mẹ́wàá-mẹ́wàá. Gbogbo ìdánwò ti ń yege báyìí. Àwọ̀ ewé tó ń fi hàn pé ó yege ló kún ojú ẹ̀rọ.”

“Koríko orí sàréè náà láwọ̀ ewé.”

Mo yíjú sí fèrèsé kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín mi.

“Fáìlì yẹn á máa kóra jọ títí ẹ̀rọ á fi dákú. Ta ni yóò máa pa á, tí yóò máa tàn án nílé ìwòsàn?”

“Nọ́ọ̀sì ni. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn, ní wákàtí méjì-méjì.”

“Tí aláboyún bá ń rọbí lọ́wọ́ ńkọ́?”

“Kì í pẹ́, Àǹtí. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni.”

“Ó dáa. Kọ ìyẹn náà síbẹ̀, kí ọmọ inú aláboyún náà lè kà á, kó sì dúró.”